Awọ tòlótòló tó pọ́n kọ́ ló ń sọ pé inú ẹ̀ ti jinná

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìmúra ọdún. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín, ojú ewé oúnjẹ ni mo sì máa ń kọ́kọ́ ṣí, àmọ́ èyí tó jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí bí wọ́n ṣe ń yan odindi tòlótòló fún oúnjẹ ọdún ò jẹ́ kí n sùn dáadáa, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ lẹ́tà yìí. Mi ò bá ẹni tó kọ ọ́ jà o. Ata tó pè, bọ́tà tó pè, ewé olóòórùn dídùn tó pè, gbogbo ẹ̀ ló dáa. Àmọ́ ó ní kí èèyàn gbé tòlótòló jáde nínú fírísà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọdún kó wà lórí tábìlì di àárọ̀, kó fọ̀ ọ́ dáadáa nínú síńkì, kó tì í sínú ófúnù fún wákàtí mẹ́ta, tí awọ ẹ̀ bá ti pọ́n, ó ti jinná nìyẹn. Olóòtú, ohun mẹ́rin ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn tó lè dá odindi ilé dùbúlẹ̀ àìsàn, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo sì ti ṣe rí lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ọdún yẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí gbogbo mọ̀lẹ́bí máa kóra jọ sílé mi, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, àwọn òbí ọkọ mi, àwọn ọmọ, a tó èèyàn mẹ́rìndínlógún. Tòlótòló kílò 7 ni. Mo gbé e jáde lálẹ́, nígbà tó di àárọ̀ mo fi ìka tẹ igẹ̀ ẹ̀, ó rọ̀, inú mi dùn, mi ò mọ̀ pé òde nìkan ló rọ̀. Wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀ ló lò nínú ófúnù, awọ ẹ̀ pọ́n, ó ń dán, òórùn ẹ̀ gba gbogbo ilé. Bàbá ọkọ mi ni wọ́n mú ọ̀bẹ. Igẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gé, ó funfun, ó ń rú èéfín, gbogbo èèyàn ń kí mi, wọ́n ti ń bù ú síwájú àwọn ọmọ. Nígbà tí wọ́n wá dé itan, wọ́n dì í mú kí wọ́n yí i kúrò ní oríkèé, kò yí. Wọ́n fi agbára díẹ̀ kún un, ó já, ohun tí mo rí níbẹ̀ ò tíì kúrò lójú mi dòní. Ẹran tó lẹ̀ mọ́ eegun yẹn ń dán bíi gíláàsì, ó ń yọ̀, omi pupa rẹ́súrẹ́sú ń kán látibẹ̀ sórí àwo funfun. Mo ti ọwọ́ bọ inú ihò ẹ̀, àpò kékeré tí wọ́n fi di ọrùn, iwe àti ẹ̀dọ̀ ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n máa ń fi í síbẹ̀, ẹ̀dọ̀ yẹn sì tutù nini lọ́wọ́ mi. Yàrá dákẹ́. Ìyá ọkọ mi ni wọ́n rọra sọ pé, "Ìyàwó mi, gbé e padà sínú iná, a ò kánjú." Mo gbé e padà, àmọ́ ọmọ àbúrò mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin ti jẹ nínú èyí tí wọ́n gé nítòsí itan. Ọjọ́ kẹta ara ẹ̀ gbóná, ó ń yàgbẹ́ gbuuru, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìgbẹ́ jáde wọ́n gbé e lọ sọ́sibítù, wọ́n fa omi sí i lára fún ọjọ́ méjì. Wọ́n ní Campylobacter ni, kòkòrò àìfojúrí tó máa ń wà lára ẹran adìyẹ àti tòlótòló tútù, òun àti Salmonella. Ọmọ náà ti gbádùn, ó ti dàgbà, ó ń jẹ tòlótòló lọ́dọọdún. Èmi ni mi ò gbàgbé.

Látìgbà yẹn ni mo ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan yìí bó ṣe yẹ, ohun tí mo sì rí ni pé ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ ọdún rárá. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e jáde nínú fírísà ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti ń ṣìnà kí iná tó dé ọ̀rọ̀ náà.

Ṣẹ́ ẹ rí i, tòlótòló kì í ṣe ẹran wẹ́wẹ́. Ó nípọn, ó níhò nínú, yìnyín tó wà láàrin ẹ̀ kì í tètè yọ́. Tó bá wà lórí tábìlì, òde ẹ̀ á ti gbóná tó yàrá nígbà tí inú ẹ̀ ṣì le bí òkúta, láàrin 4°C sí 60°C yìí sì ni kòkòrò àìfojúrí ti ń rí ààyè bí sí i, tí ibẹ̀ bá bá wọn lára mu wọ́n lè di ìlọ́po méjì láàrin ogún ìṣẹ́jú péré, ẹ wá ro iye ìgbà tí ogún ìṣẹ́jú wà nínú alẹ́ kan. Inú fíríìjì ló yẹ kó ti yọ́. Wákàtí 24 fún kílò méjì méjì, bí wọ́n ṣe ń kà á nìyẹn. Kílò 4, ọjọ́ méjì. Kílò 6, ọjọ́ mẹ́ta. Kílò 8, ọjọ́ mẹ́rin. Èmi máa ń fi ọjọ́ kan lé e torí fíríìjì tó kún fún oúnjẹ ọdún ń lọ́ra, kò sì séwu níbẹ̀ torí tó bá ti yọ́ tán ó ṣì lè lo ọjọ́ kan sí méjì nínú fíríìjì kẹ́ ẹ tó yan án. Abala ìsàlẹ̀ pátápátá ni kẹ́ ẹ gbé e sí, nínú tíréè tó jìn, kí omi ara ẹ̀ má kán sórí nǹkan tí wọn ò ní sè mọ́ kí wọ́n tó jẹ ẹ́.

Tí ọjọ́ bá ti lọ, omi tútù wà. Kẹ́ ẹ jẹ́ kó wà nínú ọ̀rá tí omi ò lè wọ̀, kẹ́ ẹ rì í sínú omi tútù, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ omi náà ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Gbogbo ìdajì kílò, ẹ fún un ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ìyẹn ni pé tòlótòló kílò 6 á gbà tó wákàtí mẹ́fà sí méje, iṣẹ́ tó ń tánni lókun ni, mo ti ṣe é rí, mo dúró ti síńkì bí ẹni ń ṣọ́ ọmọ tuntun. Tó bá sì ti yọ́ báyẹn, ojú ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé e sínú ófúnù, kò gbọ́dọ̀ tún padà sí fíríìjì. Omi gbígbóná ńkọ́? Rárá o, wàhálà orí tábìlì yẹn kan náà ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá jí láàárọ̀ ọdún tí tòlótòló ẹ̀ ṣì le gbagidi mọ̀, kó má baà sunkún, kó má sì lọ ṣe èyí tí mo ṣe. Èèyàn lè gbé e sínú ófúnù pẹ̀lú yìnyín lára. Kò séwu ńbẹ̀, ó kàn máa pẹ́ ni, ohun tó yẹ kó gba wákàtí mẹ́rin á gba bíi mẹ́fà. Tó bá ti wà nínú iná fún wákàtí mélòó kan tí inú ẹ̀ ti tú, kẹ́ ẹ fi nǹkan mú àpò iwe àti ẹ̀dọ̀ yẹn jáde. Ẹ sọ fún àwọn àlejò pé oúnjẹ á pẹ́. Wọ́n á dúró.

Ọ̀rọ̀ fífọ̀ wá ńkọ́. Mo mọ̀ pé èyí máa le létí ọ̀pọ̀ èèyàn, torí ẹran tí wọn ò fọ̀ dà bí ìdọ̀tí lójú wa. Àmọ́ kí lomi fẹ́ ṣe fún kòkòrò tó ti lẹ̀ mọ́ ara ẹran? Kò lè pa á. Ohun tó máa ṣe ni pé tẹ́ ẹ bá ṣí ẹ̀rọ omi lé tòlótòló ńlá yẹn lórí, omi á ta, á ta sára ògiri síńkì, á ta sórí àwo tẹ́ ẹ ti fọ̀, á ta sára ewébẹ̀ sàláàdì tẹ́ ẹ kó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ ò ní rí i lójú. Iná ló ń pa kòkòrò. Tíṣù ni kẹ́ ẹ fi nù ún, inú lóde, títí ara ẹ̀ á fi gbẹ, kẹ́ ẹ ju tíṣù náà nù, kẹ́ ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ àti gbogbo ibi tí tòlótòló ti fara kàn. Ara tó gbẹ yẹn gan-an ló tún máa ń jẹ́ kí awọ ẹ̀ pọ́n kó sì máa dún wàràwàrà lẹ́nu, torí awọ tó lómi kàn máa bọ̀ ni, kò ní yan.

Níbi iyọ̀ ni mo ti ní ayọ̀ tèmi nínú iṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kí n dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi iyọ̀ sí i nígbà tó bá ku díẹ̀ kó wọ iná, iyọ̀ yẹn á dúró sórí awọ ni, inú ẹran á tẹ́ pẹ́trẹ́pẹ́trẹ́. Tẹ́ ẹ bá fi í sí i ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú, ẹ wò ó bí nǹkan á ṣe rí. Wákàtí àkọ́kọ́, ẹ máa rí i tí ara ẹ̀ ń làágùn, omi á yọ sórí awọ bí ìrì, iyọ̀ ti fa omi jáde nìyẹn. Èèyàn á rò pé òun ti ba á jẹ́. Ẹ fi sílẹ̀. Tó bá yá, omi oníyọ̀ yẹn á tún padà wọlé sínú ẹran, iyọ̀ á tú ẹran náà sílẹ̀, kò ní lè fún pọ̀ mọ́ tí iná bá kàn án, omi ara ẹ̀ á dúró sínú ẹ̀. Tó bá fi di ọjọ́ kejì awọ ẹ̀ á ti gbẹ, á ti lẹ̀ mọ́ ẹran bíi bébà. Bí i gíráàmù 15 fún kílò méjì ni mo máa ń lò, mo máa ń fọ́n ọn sórí igẹ̀ àti itan ju apá lọ torí ibẹ̀ ló nípọn, mo sì máa ń fọ́n ọn sínú ihò náà. Mi ò kì í bò ó nínú fíríìjì. Àmọ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀rá tó bá wá o, àwọn kan wà tí wọ́n ti fún lómi iyọ̀ láti ilé iṣẹ́, tẹ́ ẹ bá tún fi iyọ̀ sí irú ẹ̀ kò ní ṣeé jẹ.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ìdí iná. Ìṣòro tòlótòló ni pé ẹran méjì ló wà lára ẹyẹ kan. Igẹ̀ ò lọ́ràá, tó bá ti kọjá 74°C dáadáa ó ti ń gbẹ nìyẹn, á máa há èèyàn lọ́fun. Itan ní tiẹ̀ kún fún iṣan, ó fẹ́ kí ooru ẹ̀ kọjá 80°C kí iṣan yẹn tó yọ́ kó tó rọ̀. Inú iná kan náà ni àwọn méjèèjì sì wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bo igẹ̀ ẹ̀ pẹ̀lú fóìlì tó bá ti pọ́n tó bí mo ṣe fẹ́, tí mo sì máa ń kọ itan ẹ̀ sí ẹ̀yìn ófúnù níbi tí iná ti mú jù. Ó kéré tán, kí iná ófúnù tó 163°C, kó má rẹlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí iná yẹn, tí wọn ò bá ki nǹkan kan sínú ẹ̀, èyí tó bá wọn kílò 4 sí 5 á gba tó wákàtí mẹ́ta, kílò 6 á gba wákàtí mẹ́ta sí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, kílò 7 sí 8 á gba mẹ́rin tàbí ó lé díẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wo kílò 7 tèmi tí mo yọ ní wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀ pẹ̀lú yìnyín inú. Àwọn tí ò bá sì fi dandan lé e pé odindi ẹyẹ gbọ́dọ̀ jókòó sórí tábìlì, ọ̀nà kan tún wà tí mo fẹ́ràn jù, kí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì tó lágbára gé eegun ẹ̀yìn ẹ̀ kúrò, kí wọ́n yí igẹ̀ ẹ̀ sókè, kí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ eegun igẹ̀ títí á fi dún kẹ́ẹ́ tó sì máa tẹ́ pẹrẹsẹ. Kílò 6 á jinná ní bíi wákàtí kan àti ààbọ̀ lórí iná 220°C, igẹ̀ àti itan á sì jọ jinná lẹ́ẹ̀kan, torí itan ti wá sójú iná, kò sá sábẹ́ mọ́.

Àmọ́ gbogbo wákàtí tí mo kà yìí, kẹ́ ẹ fi mọ ìgbà tí ẹ máa pe àwọn èèyàn wá sídìí tábìlì ni, kẹ́ ẹ má fi mọ̀ pé ó ti jinná. Ófúnù yàtọ̀ síra, ẹyẹ yàtọ̀ síra. Tẹ̀mómítà nìkan ló mọ̀. Èyí tó lẹ́nu ṣóńṣó tí wọ́n ń tì bọ inú ẹran, kò tóbi, kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, òun ni mo bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ ya àwòrán ẹ̀ síwájú àwòrán bọ́tà àti ewé. Ibi tó nípọn jù nínú igẹ̀, ibi tó wà nínú itan lọ́hùn-ún nítòsí ara, àti ìdí apá, ibi mẹ́ta yẹn ni kẹ́ ẹ tì í bọ̀, kó má kan eegun torí eegun á parọ́ fún yín. Ó gbọ́dọ̀ tó 74°C níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tó bá kéré jù nínú wọn lẹ máa gbà gbọ́. Bọ́tìnì pẹlẹbẹ tí wọ́n máa ń gún mọ́ igẹ̀ àwọn kan láti ilé iṣẹ́, tó máa ń fò sókè tó bá jinná, ẹ má gbára lé e, ibì kan ṣoṣo ló mọ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé igẹ̀ á ti gbẹ kó tó fò. Ẹ má wo àwọ̀ omi tó ń jáde. Ẹran tó jinná dénú lè ṣì pupa díẹ̀ nítòsí eegun, èyí tí ò tíì jinná sì lè funfun, bí igẹ̀ tiwa ṣe funfun lọ́jọ́ yẹn.

Àwọn tó ń ṣí ófúnù ní gbogbo ìgbà láti máa bu omi ọ̀rá dà sí i lórí, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni, àmọ́ gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣí i ni ooru ń jáde, awọ tó ti ń gbẹ sì tún ń lómi. Ẹ fi ọwọ́ lérán. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Búrẹ́dì àti àlùbọ́sà tí wọ́n máa ń kì sínú ikùn ẹ̀ ní tiwọn, omi ẹran tútù ló ń wọnú ẹ̀, òun náà gbọ́dọ̀ tó 74°C láàrin gbùngbùn, kó tó tó bẹ́ẹ̀ igẹ̀ á ti di páálí, ẹ jọ̀ọ́, inú àwo tiẹ̀ lọ́tọ̀ ni kẹ́ ẹ ti yan án.

Tó bá jáde nínú iná, kó sinmi tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ọ̀bẹ tó kàn án. Ìyá ọkọ mi ò gbà fún mi lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ní á tutù, ní báyìí àwọn gan-an ló ń lé àwọn ọmọ kúrò nídìí ẹ̀. Kì í tutù, ó tóbi jù fún ìyẹn, omi inú ẹ̀ ló ń rọra dúró kó má tú dà sórí pákó.

Ìyókù oúnjẹ ọdún náà máa ń fa àìsàn, a ò sì kì í sọ ọ́ torí inú gbogbo èèyàn ti dùn, wọ́n ti yó. Láàrin wákàtí méjì tẹ́ ẹ gbé e sórí tábìlì, kẹ́ ẹ ti bó ẹran kúrò lára eegun, kẹ́ ẹ pín in sínú abọ́ tí ò jìn kó tètè tutù, kẹ́ ẹ kó o sínú fíríìjì. Ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ló lè lò níbẹ̀, tó bá máa jù bẹ́ẹ̀, fírísà ni. Ìkòkò ńlá omi eegun tí wọ́n máa ń fi sílẹ̀ lórí sítóòfù di ọjọ́ kejì ló ń dẹ́rù bà mí jù, torí kòkòrò kan wà tó ń jẹ́ Clostridium perfringens tó máa ń sọ ara ẹ̀ di hóró kékeré oníkarahun líle tí kì í kú tí omi bá hó, tí ìkòkò náà bá wá ń rọra tutù mọ́jú, àsìkò tiẹ̀ dé nìyẹn.

Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ mi ò pọ̀. Kí ọdún tó dé, ẹ bá wa tẹ àpótí kékeré kan sí ojú ewé oúnjẹ yín, kó má jẹ́ ọ̀rọ̀ ata àti bọ́tà. Ẹ kọ kílò síbẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n máa gbé e jáde nínú fírísà síwájú ẹ̀, ẹ kọ 74°C sábẹ́ ẹ̀ kó tóbi kí àgbàlagbà tí ojú ń dùn lè rí i kà. Àwọn èèyàn máa ń gé ojú ewé yín lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì, èmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, èyí tó jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá ti wà lára fíríìjì àwọn kan báyìí. Ẹ jẹ́ kí èyí tuntun bá a kó tó di ọjọ́ tí wọ́n máa gbé ẹran jáde.

Tèmi ti ọdún yìí, kílò 6 àti díẹ̀ ni, òní ni mo gbé e wọ fíríìjì, abala ìsàlẹ̀, nínú tíréè. Ọmọ àbúrò mi yẹn ti pè mí, ó ní òun lòun máa ti tẹ̀mómítà bọ̀ ọ́.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín tó ń dáná ọdún fún èèyàn mẹ́rìndínlógún